Orí Keje: Kíka Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tó Wà Nínú Ọ̀wọ́

Èròńgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kí ó lè:

(a) ṣàlàyé ohun tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́, kí ó sì dárúkọ méjì nínú àwọn tó kọ ọ́ ní èdè Yorùbá;
(b) ya ọ̀rọ̀ tó parí sínú ìwé kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ láti ìwé dé ìwé;
(d) sọ bí ibùdó ìtàn ṣe ń pinnu irú ẹ̀rí tí olùwádìí lè rí;
(e) ka àyọkà kan, kí ó sì mọ èyí tó jẹ́ àmì atọ́nà àti èyí tó jẹ́ àmì aṣinilọ́nà nínú rẹ̀.

7.1 Ohun tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìtàn àròsọ tí ìwà ọ̀daràn kan jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí ẹnì kan sì ń wádìí títí yóò fi mọ ẹni tó hùwà náà, bó ṣe hù ú, àti ohun tó sún un dé ibẹ̀. Ẹni tó ń wádìí yìí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó lè ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò wọ aṣọ ìjọba rí. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà bá ta bá ni afurasí. Àlàyé tí afurasí bá ṣe pé ibòmíràn ni òun wà lásìkò tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀rí àìsíníbẹ̀. Ohun kékeré tó ń júwe ọ̀nà òótọ́ ni àmì atọ́nà. Èyí tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ jù sílẹ̀ kí òǹkàwé lè máa fura sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni àmì aṣinilọ́nà. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti tú síta, tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti tò ó ní ẹsẹẹsẹ, ni ìtú-àṣírí.

Ìtàn méjì ló máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: ó ti parí kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sì fẹ́ sọ. Èkejì ni ti ìwádìí, òun sì ni òǹkàwé ń rí. Bí èkejì ṣe ń lọ síwájú ni èkíní ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí kíka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi yàtọ̀ sí kíka ìtàn ìfẹ́ tàbí ìtàn ìgbésí ayé. Nínú àwọn wọ̀nyí, òǹkàwé ń bi ara rẹ̀ pé kí ni yóò tún ṣẹlẹ̀. Nínú ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó tún ń bi ara rẹ̀ pé kí ló ti ṣẹlẹ̀.

Àdéhùn kan wà láàárín òǹkọ̀wé àti òǹkàwé. Ní 1929, Ronald Knox, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ń kọ irú ìwé yìí, to òfin mẹ́wàá jọ fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ṣì ń jà títí di òní. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọdọ̀ rí àmì atọ́nà kan kí òǹkọ̀wé fi í pamọ́ fún òǹkàwé. Èkejì ni pé iwin, ẹ̀mí àìrí tàbí agbára abàmì kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí yóò tú àṣírí náà.

Òfin kejì yìí tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá dúró lé lórí. Nínú ìwé D. O. Fágúnwà tó jáde ní 1938, *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, ẹbọra àti oògùn ló gba iwájú ìtàn, ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí i, nítorí irú ìtàn tó jẹ́ nìyẹn. Ní ìgboro pàápàá, bí nǹkan bá sọnù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ ronú kan babaláwo tàbí wòlíì. Kò sí ohun tó ní kí ẹ̀dá inú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ má lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lọ, yóò tilẹ̀ fi irú ènìyàn tó jẹ́ hàn wá. Ṣùgbọ́n bí babaláwo bá dárúkọ olè tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, ìwé náà ti kúrò ní ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí ọwọ́ lè tọ́ka sí, ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

7.2 Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá

Ìtàn tí a ń kọ ní ìpín ìpín kì í ṣe àjèjì sí àwọn òǹkàwé Yorùbá. Láàárín 1929 sí 1930 ni Isaac B. Thomas fi ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, *Akéde Èkó*, díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìgboro Èkó àti ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi pamọ́ tó ohun tí a fi ń kọ ìwé.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1929 tó sì kú ní 2019, ló gbé ìtàn ọ̀daràn ìgboro kalẹ̀ lọ́nà tó mú àwọn ènìyàn lọ́kàn. *Àjà Ló Lẹrù* jáde ní 1969, *Àgbàlagbà Akàn* tẹ̀ lé e ní 1971. Nínú méjèèjì, Lápàdé ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tàfá Ìgírípá, tí ọwọ́ òun alára kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́, ló ń bá a rìn. Òkédìjí kò jẹ́ kí ìwádìí wọn jẹ́ ti orí àga. Ìlépa wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, òwe àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde lẹ́nu Lápàdé nígbà tí nǹkan le jù.

Kọ́lá Akínlàdé gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ Ayétòrò ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1971, *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?*, ti sọ irú ìtàn tó jẹ́ kí a tó ṣí i: ìbéèrè kan wà, ìwé náà yóò sì dáhùn rẹ̀. *Owó Ẹ̀jẹ̀* jáde ní 1976. Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akínlàdé, ìbéèrè àti àròjinlẹ̀ sì ni ohun ìjà rẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Ẹni tó bá ń ka Akínlàdé bí ẹni ka Òkédìjí, ó lè ní nǹkan ń falẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ka Òkédìjí bí ẹni ka Akínlàdé lè máa wá àmì atọ́nà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn, kí adùn ìlépa sì fò ó ru. Ó dára kí òǹkàwé mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jìnnà.

7.3 Ohun tó ń yí àti ohun tí kì í yí nínú ọ̀wọ́ ìwé

Ọ̀wọ́ ìwé ni àkójọ ìwé tí òǹkọ̀wé kan kọ lórí olú ẹ̀dá ìtàn kan náà, tí ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹjọ́ tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú rẹ̀. Ti Lápàdé kò gùn. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ọ̀wọ́ lè gùn ju iye ọdún tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Sherlock Holmes, tí Arthur Conan Doyle dá sílẹ̀ ní 1887, wà nínú ìwé ńlá mẹ́rin àti ìtàn kéékèèké mẹ́rìndínlọ́gọ́ta títí di 1927. Ní 1893, ó ti sú Doyle, ó sì pa á sínú ìtàn kan. Àwọn òǹkàwé kò gbà. Nígbà tó di 1903, ó di dandan kí Holmes jí dìde pẹ̀lú àlàyé pé kò kú rárá. Hercule Poirot ti Agatha Christie ṣiṣẹ́ láti 1920 títí di 1975.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ibi tí ọ̀wọ́ ìwé ti máa ń fi ọgbọ́n òǹkọ̀wé hàn jù. Poirot ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kí ìwé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣírò rẹ̀, ó yẹ kó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀wọ́ náà tó parí. Christie kò dá ara rẹ̀ láàmú lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ian Rankin, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Rebus ní 1987 ní ìlú Edinburgh, jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ máa dàgbà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ní 2007, nínú *Exit Music*, Rebus fẹ̀yìn tì nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò bá dàgbà, òǹkàwé lè mú ìwé èyíkéyìí kà. Bí ó bá ń dàgbà, tó ń pàdánù ọ̀rẹ́, tó ń bá ọ̀gá jà, ìwé kẹta yóò máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èkejì bí ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀.

Òǹkàwé ọ̀wọ́ nílò láti máa tọ́jú ìṣirò méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ti ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ àti ti ìgbésí ayé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwọn ohun tí kì í sábà yí ni ìṣe rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ilé rẹ̀ àti alábàárìn rẹ̀. Alábàárìn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wúlò púpọ̀. Òun ló ń béèrè ohun tí òǹkàwé ìbá fẹ́ béèrè, òun ló sì máa ń ṣìnà kí a má bàa dá ṣìnà. Watson ń ṣe é fún Holmes. Tàfá ń ṣe é fún Lápàdé, ó sì fi kún un pé òun mọ ojú àwọn ọ̀daràn tí Lápàdé kò lè bá jókòó.

Ní Áfíríkà lónìí, Mma Ramotswe ti Alexander McCall Smith ń tú àṣírí ní Botswana láti 1998. Fẹ́mi Káyọ̀dé, ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Philip Taiwo pẹ̀lú *Lightseekers* ní 2021. Onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ni Taiwo, kì í ṣe ọlọ́pàá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Lápàdé, a ó rí i pé àwọn tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ọlọ́pàá ló ń wádìí. Níbi tí aráàlú bá ti ń lọ́ra láti mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, irú olùwádìí bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé yóò tètè gbà gbọ́.

7.4 Ibùdó ìtàn: àpẹẹrẹ Ọ̀tà àti Sango

Ibùdó ìtàn ni ibi àti àsìkò tí ìtàn ti wáyé. Nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ, nítorí òun ló ń pinnu irú ẹ̀rí tó lè wà. Ní abúlé, bí àlejò kan bá kọjá ní ìdájí, ẹni tó ń gbálẹ̀ yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ẹ̀rí abúlé wà lójú àti lẹ́nu.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú àtayébáyé àwọn Àwórì, ó sì ní ọba tirẹ̀, Ọlọ́tà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó fara ti Èkó, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì dínwó ju ti Èkó lọ, ilé iṣẹ́ ti kún un láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976: ti irin, ti ike, ti ọṣẹ, ti oúnjẹ, ti oògùn. Sango ni oríta rẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà ti yà gba Ọ̀tà àti Àtàn lọ sí Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè ilẹ̀ Benin. Àwórì, Ẹ̀gbá, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Haúsá àti àwọn tó ń ti Èkó wá ṣiṣẹ́ ló ń pàdé lábẹ́ bíríìjì Sango láràárọ̀.

Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí gbogbo ènìyàn jẹ́. Àwọn tó ń ṣe ṣíìfù òru kì í rí àwọn ti àárọ̀ ju ẹnu géètì lọ. Nítorí náà, bébà ni ẹlẹ́rìí: ìwé géètì tí mégáàdì ń kọ, páàsì tí lọ́rí fi ń jáde, wébíìlì tó sọ iye ẹrù, ìwé tí òṣìṣẹ́ fi orúkọ sí kó tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ jalè níbẹ̀ kò ní sá fún ojú ènìyàn. Yóò wá bí bébà ṣe máa gbè é. Bí ọjà bá sì ti dé Ìdí-Ìrókò kí ilẹ̀ tó mọ́, àṣẹ ọlọ́pàá Nàìjíríà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin nìyẹn, òǹkọ̀wé sì ti ní ohun tí yóò fi lé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ ní eré.

7.5 Àyọkà

*A dá àyọkà yìí sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ilé iṣẹ́ àti ènìyàn inú rẹ̀ kò sí níbì kankan.*

Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Àdìó, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, dé ẹnu géètì. Ṣíìfù ń pààrọ̀. Àwọn olóru ń jáde pẹ̀lú ojú wíwú, àwọn ti àárọ̀ ń to ìlà níwájú olóúnjẹ tó ti ṣí ìkòkò ìrẹsì sídìí ògiri. Igba páálí ọṣẹ ló ti kúrò nínú sitọ́ọ̀ lóru.

Mégáàdì na ìwé géètì sí i. Ìlà mẹ́ta ló wà fún alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mọ́tò ọ̀gá jáde ní 9:15. Lọ́rí ẹrù jáde ní 10:40. Táńkà omi wọlé ní 11:20. Yíǹkì búlúù tí wọ́n fi kọ ìlà kìíní àti ìkẹta ti ràn káàkiri ojú ìwé. Ìlà àárín mọ́ kedere, dúdú.

“Òjò àná mà pọ̀ o,” ni Àdìó wí.

“Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, sà. Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀gànjọ́, kò dá rárá. Yàrá tiwa yìí ń jò, ìta níbí lábẹ́ agboòrùn ni mo ti kọ gbogbo rẹ̀.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ wá awakọ̀ tí wọ́n dá dúró lóṣù tó kọjá yẹn lọ. Ó ti ra fóònù tuntun.”

Abẹ́ bíríìjì Sango ni Àdìó ti rí awakọ̀ náà. Ó ní Àtàn ni òun sùn, níbi ìsọmọlórúkọ, àti pé owó àjọ tí òun kó ni òun fi ra fóònù. Alájọ ṣí ìwé rẹ̀: òótọ́ ni.

Ó ku sitọ́kípà. “Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ti kúrò níbí, sà. Ilé mi ní Ìjòkó ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́.” Ó mi orí. “Ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣòro láti wá a rí. Lọ́rí tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti kú, ta ni kò ní kíyè sí i lójú títì?”

Àdìó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó jọ̀wọ́ yá òun ní bíírò rẹ̀.

7.6 Bí a ṣe lè ka àyọkà náà

Ohun tí ó pariwo jù nínú àyọkà ni fóònù tuntun. Ẹni tí wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́, tó wá ra fóònù, ni ọkàn yóò kọ́kọ́ lọ sí. Àmì aṣinilọ́nà ni. Ọ̀nà méjì ni a fi lè mọ̀ ọ́n: ẹlòmíràn ló tọ́ka sí i láìjẹ́ pé Àdìó béèrè, ìwé alájọ sì ti dáhùn rẹ̀ pátápátá. Kí òǹkàwé má gbàgbé pé àmì aṣinilọ́nà tó dára máa ń wúlò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń tan òǹkàwé, ó sì ń jẹ́ ká béèrè ìdí tí ẹni tó mú un wá fi mú un wá.

Àmì atọ́nà àkọ́kọ́ kò pariwo. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, kò sì dá títí di ọ̀gànjọ́. Ìta ni mégáàdì wà. Omi ba ìlà 9:15 jẹ́, ó ba ti 11:20 jẹ́. Báwo ni ti 10:40 tó wà láàárín wọn ṣe mọ́? Àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ ní àkókò mìíràn, níbi tí kò sí omi, sí àyè tí a ti fi sílẹ̀ dè é. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ẹnu mégáàdì fúnra rẹ̀ ni òkodoro yìí ti jáde. Kò purọ́ lórí òjò. Òótọ́ tó sọ ló tú u. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àmì atọ́nà ṣe ń rí: òkodoro méjì tí kò ní láburú nínú, tí wọn kò lè jọ jẹ́ òótọ́ bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ sitọ́kípà àti bíírò tí Àdìó yá wà nínú iṣẹ́ ṣíṣe.

Ẹni tó bá ń ka ìwé odidi lè ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó kọ orúkọ afurasí kọ̀ọ̀kan, ibi tó ní òun wà, ẹni tó jẹ́rìí sí i, àti ojú ìwé tó wà. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ pé ohun gbogbo ti yé òun, kí ó pa ìwé náà dé, kí ó kọ orúkọ ẹni tí òun fura sí, kí ó tó máa kà lọ.

7.7 Ìwé wo ni kí a kọ́kọ́ kà?

Bí ìwé àkọ́kọ́ bá wà ní àrọ́wọ́tó, òun ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. *Àjà Ló Lẹrù* ṣáájú *Àgbàlagbà Akàn*. Bí kò bá sí, ẹjọ́ inú ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró, a lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Kókó ẹ̀kọ́

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìtàn méjì nínú: ti ìṣẹ̀lẹ̀ àti ti ìwádìí. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ fi gbogbo àmì atọ́nà han òǹkàwé, kò sì gbọdọ̀ fi agbára abàmì tú àṣírí. Nínú ọ̀wọ́ ìwé, ẹjọ́ ń parí ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Ibùdó ìtàn ló ń sọ irú ẹ̀rí tó lè wà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan: afurasí, ẹ̀rí àìsíníbẹ̀, àmì aṣinilọ́nà, ìtú-àṣírí.

2. Kí ni sitọ́kípà sọ tí ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà kò lè mọ̀? Tún àyọkà kà láti rí i dájú pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

3. Kí ló dé tí Àdìó fi yá bíírò? Ìlà wo nínú àyọkà ló múra ọkàn òǹkàwé sílẹ̀ fún un?

4. Ẹnì kan ní mégáàdì nìkan ló jẹ̀bi. Ẹlòmíràn ní sitọ́kípà nìkan ni. Fi ẹ̀rí inú àyọkà gbe ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn, tàbí kí o ta ko àwọn méjèèjì.

5. Fi Lápàdé wé Akin Olúṣínà ní ti ọ̀nà ìwádìí wọn. Èwo ni ìwádìí inú àyọkà jọ?

6. Tún àyọkà náà kọ ní ojú ìwé kan, kí ó jẹ́ ní abúlé kan tí kò sí géètì, ìwé tàbí páàsì ló ti ṣẹlẹ̀. Àmì atọ́nà wo ni yóò rọ́pò yíǹkì?

7. Kọ ìpín tó kàn, níbi tí Àdìó ti tẹ̀ lé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Àmì atọ́nà kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tí òǹkàwé lè rí kí Àdìó tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Fún ẹnì kejì rẹ kà, kí o sì bi í ní ibi tó ti rí i.